Ọjọ́ Tí Orí Kábíyèsí Sọdá Títì

Ṣé ẹ ti bi ara yín rí, ẹ̀yin tí ẹ fetí sílẹ̀ yìí, ohun tó dé tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀? Ẹ ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Bàbá yín sọ ọ́, ìyá yín sọ ọ́, ẹ̀yin náà sì ti fi bá ọmọ wí. Ṣùgbọ́n orí ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi tẹlẹ̀, kó tó di pé àwọn àgbà figbe ta? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sún mọ́ mi.

Ìlú Òkè-Àfọ̀n ló ti ṣẹlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dáyé, ẹ bi í bóyá ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí níbẹ̀. Múfútáù ló wà níbẹ̀.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Múfútáù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ àwòrán ńláńlá sára fúlẹ́ẹ̀sì, aṣọ rọ́bà funfun tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ojú títì nígbà òkú àgbà àti nígbà ìbò. Ẹ̀rọ tó fi ń ṣe é gùn ju mọ́tò kékeré lọ. Wọ́n á gbé róòlù fúlẹ́ẹ̀sì sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹní tí wọ́n ká, ẹ̀rọ á máa fà á wá síwájú díẹ̀díẹ̀, àpótí kékeré tó ń tu íǹkì á máa sáré lọ sáré bọ̀ lórí rẹ̀, ṣíà, ṣíà, ṣíà, àwòrán á sì máa yọ jáde níwájú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, ọkùnrin méjìdínlógún ló rù ú. Kò sí ilẹ̀kùn tó lè gbà á, nítorí náà wọ́n gbé e kalẹ̀ ná, wọ́n wá mọ ṣọ́ọ̀bù yí i ká. Ilẹ̀ ààfin ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, ó dojú kọ ẹnu géètì Kábíyèsí, títì nìkan ló là wọ́n láàárín. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí wọ́n bá lé Múfútáù kúrò níbẹ̀, àfi kó wó ògiri kó tó lè gbé ẹ̀rọ jáde, kó sì tún wá ọkùnrin méjìdínlógún mìíràn. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, mẹ́fà ṣì ń kí i pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn.

Bó ṣe wà nìyẹn tí ọba Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìlú tó wà lẹ́yìn odò, fi gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ ojú ọ̀nà. Ìròyìn dé etí Aláfọ̀n, ọba Òkè-Àfọ̀n. Aláfọ̀n ránṣẹ́ pe Múfútáù.

“Múfútáù,” ni Kábíyèsí wí, “báwo ni ti ọba Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe gùn tó?”

“Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ bàtà àádọ́ta ni.”

“Tèmi á jẹ́ ọgọ́rin.”

Múfútáù tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ọ̀rọ̀ náà gba ìdọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, fúlẹ́ẹ̀sì mi tó fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré ni. Bí a bá fà yín gùn dé ọgọ́rin, ẹ ó rí bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ká ọsàn.”

Kábíyèsí sanra, kò sì ga. Ó ronú sí ọ̀rọ̀ ọ̀pá náà díẹ̀, ó jọ pé ó tiẹ̀ wù ú. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè wí, wọ́n sì tún wí, títí wọ́n fi fẹnu kò pé kí Kábíyèsí dúró lókè nínú agbádá funfun, kí gbogbo ohun tó ti ṣe fún ìlú wá tò sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹ̀rọ omi, afárá tuntun, ilé ìwòsàn, àti màlúù tó fún àwọn ọdẹ lọ́dún tó kọjá. Ara àpáta gíga tó wà lẹ́yìn ààfin ni wọ́n máa fi kọ́. Wọ́n fọ àpáta náà mọ́ tónítóní, wọ́n sì lé àwọn obìnrin tó máa ń sá láfún sórí rẹ̀ lọ.

“Ọjọ́ Sátidé ni ọba Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bọ̀ wá kí mi,” ni Kábíyèsí wí. “Ọ̀sán gangan ni yóò dé. Bí àpáta mi bá wà ní ìhòòhò nígbà tó bá dé, Múfútáù, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri rẹ.”

Títí di alẹ́ Jímọ́ọ̀ ni àwọn ìjòyè ṣì ń jiyàn bóyá kí màlúù wà níbẹ̀ tàbí kó má sí níbẹ̀. Nígbà tí màlúù borí, ilẹ̀ ti ṣú. Nítorí náà, àárọ̀ Sátidé ni Múfútáù tó tan ẹ̀rọ.

Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àwòrán náà gùn jù, òun ò lè gbà á. Ìyẹn ò ba Múfútáù lẹ́rù. Ó sọ àwòrán náà di ìdá kan nínú mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà gbà á mì láìfura, ó wá lọ sọ fún ẹ̀rọ níkọ̀kọ̀ pé kó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ń bá nǹkan onírin gbé. Èèyàn ló le.

Èèyàn náà wọlé dé nígbà tí aago mẹ́jọ lù. Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí ni, olórí àwọn ìránṣẹ́ ààfin. Ẹ ò ní rí ìránṣẹ́ bí i tirẹ̀. Bí Kábíyèsí bá rán an ní ọ̀rọ̀ kan, mẹ́ta ló máa jẹ́. Lálẹ́ àná, Kábíyèsí ní kó lọ sọ fáráàlú kí wọ́n má fọwọ́ kan àwòrán. Ó lu agogo yí ìlú ká pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ àwòrán náà, oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá a ní Òkè-Àfọ̀n. Nígbà tí Kábíyèsí gbọ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn, kó wà bẹ́ẹ̀.

“Wọ́n ní kí n wá máa ṣọ́ Kábíyèsí bó ṣe ń jáde,” ni Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí wí, ó sì jókòó sórí páálí íǹkì. “Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?”

“Mo ti fẹ́ gé e sí mẹ́ta, bàbá, kí n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìyẹn ló rọrùn.”

“Gé ta ni?”

Múfútáù wo ojú bàbá náà. “Mi ò ní gé e mọ́, bàbá.”

“Ó dára. Máa bá a lọ.”

“Ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde. Bí mo ṣe máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ mi nìyẹn, kí ojú èèyàn lè gbẹ̀yìn, kó má baà fara gbolẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ Kábíyèsí ló fẹ́ kọ́kọ́ jáde?”

“Kò tiẹ̀ tíì kan ẹsẹ̀. Màlúù ló máa ṣáájú.”

Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí dìde lórí páálí. “Màlúù ṣáájú ọba! Gbọ́, Múfútáù. Ẹni méjì ló ń fi ẹsẹ̀ ṣáájú jáde láyé yìí. Òkú tí wọ́n ń gbé lọ sin, àti ọmọ tí wọ́n ń sọ ní Ìgè. Kábíyèsí ò tíì kú, orúkọ rẹ̀ kì í sì í ṣe Ìgè. Orí ni kó kọ́kọ́ jáde.”

“Bàbá, bí orí bá kọ́kọ́ jáde—”

“Báwo ni ìyá tìrẹ ṣe bí ọ?”

Múfútáù yí àwòrán padà nínú kọ̀ǹpútà. Ó wá ṣàlàyé pé, kó má baà sí wàhálà, irin kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ tó máa ń ká fúlẹ́ẹ̀sì bó bá ṣe ń jáde.

“Bí ẹní?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Bí ẹní.”

“Ta ni wọ́n máa ń ká sínú ẹní?”

Sìdíkátù, ìyàwó Múfútáù, tó jókòó ti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, ló gba ojú fèrèsé fèsì. “Òkú ni, bàbá. Ṣùgbọ́n àwòrán lèyí o!”

“Àwòrán ta ni?” ni Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí bi í.

“Àwòrán Kábíyèsí.”

“Ṣé o ti rí i báyìí?”

Bí wọ́n ṣe yọ irin kíká náà kúrò nìyẹn. Wọn ò gbọdọ̀ gé ọba, wọn ò gbọdọ̀ ká ọba, wọn ò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ po, torí ọrùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí Kábíyèsí máa jáde lọ tààrà. Múfútáù ṣí ilẹ̀kùn onírin ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu. Ó lẹ páìpù gbọọrọ kan mọ́ etí fúlẹ́ẹ̀sì, èyí tí wọ́n fi ń jẹ́ kó nà dáadáa. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà sì dà gẹ̀rẹ́ wá sí títì, nítorí omi òjò. Páìpù á máa yí lọ, á máa fa ọba tẹ̀ lé ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ṣíà, ṣíà, ṣíà. Adé yọ, ìlẹ̀kẹ̀ yọ, iwájú orí yọ. Nígbà tí ojú méjèèjì yọ tán, tí wọ́n sì wo iwájú, Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí wó lulẹ̀ gbalaja.

“Kábíyèsí o!”

Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ náà ni. Páìpù wá kan èjìká rẹ̀.

“Bàbá,” ni Múfútáù wí, “ẹ dìde, ẹ wà lójú ọ̀nà.”

“Ta ló ní kí n dìde?”

“Èmi ni, bàbá.”

“Ìwọ ha ni ọba? Ojú èmi àti ti Kábíyèsí ti pàdé. Bí òun ò bá ní kí n dìde, mi ò lè dìde.”

“Àwòrán ni, bàbá! Kò lè sọ̀rọ̀!”

“Mi ò kánjú.”

Kí ni Múfútáù fẹ́ ṣe? Ó rọra gbé páìpù kọjá lórí ẹ̀yìn bàbá náà. Orí Kábíyèsí tẹ̀ lé e, irùngbọ̀n Kábíyèsí tẹ̀ lé e. Fúlẹ́ẹ̀sì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí iná wà nínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ íǹkì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró kan lábẹ́ agbádá Kábíyèsí tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí ti ń hanrun.

Orí wá jáde lọ sójú títì lóun nìkan.

Ẹ̀yin náà lè ní, kí ló dé tí Múfútáù ò dá ẹ̀rọ dúró, kó lọ wo orí? Ẹ gbọ́ nǹkan. Bí wọ́n bá dá ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró lágbedeméjì iṣẹ́, ibi tó bá ti dúró, ìlà kan á là á já, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ayé. Nígbà tí Múfútáù kọ́kọ́ na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, ọrùn Kábíyèsí ló wà lábẹ́ àpótí íǹkì. Ọba tó ní ìlà lọ́rùn! Ó fọwọ́ kúrò bí ẹni fọwọ́ kan iná. Róòlù fúlẹ́ẹ̀sì tó sì kù fún un, ẹyọ kan péré ni. Òmíràn ò ní ti Ìbàdàn dé títí di ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí èyí bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ náà nìyẹn. Ó wo ògiri rẹ̀ yíká. Ògiri tó dára ni. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ bíríkì rẹ̀.

Ó dúró ti ẹ̀rọ, ó sì nahùn sí Jímọ̀, tó ń lẹ táyà lódìkejì títì.

“Jímọ̀! Orí Kábíyèsí ń bọ̀ wá bá ọ o!”

Jímọ̀ fò sókè. “Kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan! Wo ilẹ̀!”

Jímọ̀ wo ilẹ̀. Ó rí adé tó ń yọ́ bọ̀ lórí afárá gọ́tà, bí ìgbín tó ń lọ jẹun. Èèyàn rere ni Jímọ̀. Ó kó táyà àlòkù rẹ̀ sójú títì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì, àwọn ọlọ́kadà sì ń yà gba inú koríko.

“Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?” ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

“Kábíyèsí ń sọdá.”

Ọlọ́kadà náà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. “Níbo?”

“Dákẹ́, kó o gba inú koríko.”

Bí adìyẹ bá fẹ́ gun orí adé, Jímọ̀ á sọ òkúta. Bí ewúrẹ́ bá yọjú, Jímọ̀ á fi páńpù lé e. Nǹkan ń lọ déédéé. Orí ti kọjá ìdajì títì, ikùn Kábíyèsí ń gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù jáde, ẹ̀rọ omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Múfútáù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́ ahọ́n. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ akóyanrìn kan wá dúró níwájú Jímọ̀ tòun ti táyà mẹ́ta tó ti jò. Oníṣẹ́ ọwọ́ kì í rí táyà mẹ́ta kó wo ibòmíràn. Jímọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ẹ rántí àwọn obìnrin tí wọ́n lé kúrò lórí àpáta. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Ìbídùn, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Láti àárọ̀ ló ti ru igbá láfún tútù, tó ń wá ibi tó máa sá a sí. Ó wá rí fúlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú oòrùn, tí wọ́n tún fi táyà ṣọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì kí mọ́tò má baà débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú èèyàn wà lára rẹ̀. Kí ló kan Ìyá Ìbídùn níbẹ̀? Láti ìgbà ìbò tó kọjá, orí fúlẹ́ẹ̀sì àwọn olóṣèlú ni gbogbo Òkè-Àfọ̀n ń sá láfún sí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n tíì rí gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

“Àwọn kan ṣì rántí wa nílùú yìí,” ni Ìyá Ìbídùn wí, ó sì da gbogbo igbá náà sójú Kábíyèsí. Ó fọwọ́ tẹ́ ẹ láti adé dé irùngbọ̀n, ó tẹ́ ẹ dọ́gba, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi.

Múfútáù rí i láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. “Ìyá! Ìyá! Orí ọba nìyẹn!”

Ẹ̀rọ ń pariwo, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí ń hanrun. Ìyá Ìbídùn rí i kìkì pé ọkùnrin kan ń juwọ́. Ó juwọ́ padà. “Ẹ kú iṣẹ́ o! Adùn ní ń gbẹ̀yìn ewúro!”

Afárá tuntun ló wà lábẹ́ àpótí íǹkì nígbà náà. Múfútáù ò lè dá a dúró. Ọba wo ló máa fẹ́ kí wọ́n rí ìlà lára afárá rẹ̀, bí ẹni pé ó ti là?

Ó ku bíi wákàtí kan kí ọ̀sán tó pọ́n nígbà tí géètì ààfin ṣí. Ara Kábíyèsí ò lè gbà á mọ́. Ó rán Ọ̀jẹ́wùmí níṣẹ́, Ọ̀jẹ́wùmí ò padà. Àlejò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ó ní òun fúnra òun á lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìjòyè méjì tẹ̀ lé e, ọ̀kan di agboòrùn lé e lórí.

Kábíyèsí dúró lẹ́nu géètì. Ó rí aṣọ gbọọrọ aláràbarà kan tí wọ́n tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà Múfútáù dé ibi ẹsẹ̀ òun. Ibi tó sún mọ́ ọn jù, wọ́n da nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú sí i, ó mọ́ roro nínú oòrùn. Ojú Kábíyèsí rọ̀.

“Ẹ wò ó,” ni ó sọ fún àwọn ìjòyè. “Èmi ti rò pé aláìmọ̀kan ni ọmọkùnrin yìí. Ẹ wo bó ṣe tẹ́ ilẹ̀ dè mí.”

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dúró síbẹ̀, ó tún agbádá ṣe, kí àwọn èèyàn lè rí i dáadáa.

Jímọ̀ yọ orí lábẹ́ ọkọ̀. Ẹnu rẹ̀ là.

“Kábíyèsí! Orí yín!”

Kábíyèsí gbé ọwọ́ sórí. Adé wà níbẹ̀. “Kí ló ṣe orí mi?”

“Ẹ ti tẹ̀ ẹ́!”

“Ta ni wèrè yìí?” ni Kábíyèsí bi àwọn ìjòyè. “Èmi Aláfọ̀n, báwo ni mo ṣe máa tẹ orí ara mi?”

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbídùn ti dé. Kò mọ ọba, láfún ló mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá láfún kúrò lábẹ́ bàtà, ó ń kùn pé, “Ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ ni. Agbádá ńlá bẹ́ẹ̀, kò sì ríran!” Bó ṣe ń gbá a ni ìlẹ̀kẹ̀ adé ń yọ. Ojú ọ̀tún yọ. Ojú òsì yọ. Kábíyèsí wo ilẹ̀, Kábíyèsí sì wà nílẹ̀, ó ń wò ó láàárín bàtà méjèèjì.

Ìyá Ìbídùn wo òkè wàyí, ó rí adé, ó kúnlẹ̀ sínú láfún rẹ̀.

“Ta ló pàṣẹ,” ni Kábíyèsí wí, ohùn rẹ̀ sì ti tín-ín-rín, “pé ẹni tó bá tẹ àwòrán yìí, oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá a nílùú?”

“Ẹ̀yin ni, Kábíyèsí,” ni ìjòyè àkọ́kọ́ wí.

“Ta ló wá tẹ̀ ẹ́?”

Ìjòyè àkọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. “Ó jọ pé òjò máa rọ̀.”

Kábíyèsí yíjú sí ìkejì. Ìkejì pa agboòrùn dé, ó tún ṣí i.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ parí iṣẹ́. Ìrù màlúù jáde, ṣíà, gbogbo nǹkan sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Múfútáù gba ẹ̀gbẹ́ fúlẹ́ẹ̀sì jáde. Òógùn ti bò ó. Ó mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ fèsì, ó sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ láìdáa, kí oòrùn tó wọ̀, ògiri òun ti di àwókù. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀dà títì tó gbóná.

“Kábíyèsí, kí ẹ̀mí yín gùn. Orí kì í wà nílẹ̀. Òkè ni orí máa ń wà. Ohun tó bá wà nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ bá kàn án, ẹsẹ̀ ò jẹ̀bi. Èmi ti kọ́kọ́ fẹ́ kí màlúù ṣáájú.”

“Ta ló ní kí orí mi ṣáájú?”

“Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí ni.”

“Níbo ló wà?”

Múfútáù tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. “Ó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn.”

Kábíyèsí bọ́ sílẹ̀ kúrò lójú ara rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ó dúró lẹ́bàá ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn náà ń mí sókè, ó ń mí sódò.

“Ọ̀jẹ́wùmí!”

“Kábíyèsí!” ni ilé ìwòsàn dáhùn. “Mo ti mọ̀ pé ẹ máa sọ̀rọ̀! Múfútáù ní ẹ ò lè sọ̀rọ̀! Ṣé kí n dìde?”

“Dìde!”

Ilé ìwòsàn dìde. Ó ga, ó ní orí, ó nà jáde, ó ń wá ọ̀nà, ó forí gbá ilẹ̀kùn onírin gbàù. Nígbà tí Múfútáù yọ bàbá náà jáde lábẹ́ ẹ̀, ó ti tún dọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nínú ikùn Kábíyèsí. Ó fẹ́ gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Ó rín, ó rín, títí adé fi yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ọba ti rẹ́rìn-ín, ojú ọ̀run ò fi bẹ́ẹ̀ jọ àwọn ìjòyè lójú mọ́. Àwọn náà rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀jẹ́wùmí,” ni Kábíyèsí wí, ó ń nu ojú, “ìwọ lo ní kí orí mi jáde ṣáájú?”

“Èmi ni, Kábíyèsí. Ọlá yín ni mo ń wá.”

“Mo rí ọlá náà. Orí mi ló fi ara rẹ̀ rìn láti ibí dé ẹnu géètì mi. Ó tẹ gọ́tà, ó tẹ ọ̀dà, ó sọdá títì bí ewúrẹ́. Ẹsẹ̀ tèmi kàn lọ bá a níbẹ̀ ni.” Ó yíjú sí gbogbo èrò. “Ẹ̀yin ará Òkè-Àfọ̀n, ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Kò sí ẹni tó máa kúrò nílùú. Kò sí ògiri tó máa wó. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀!”

“Kí adé pẹ́ lórí!” ni gbogbo wọn wí. Ohùn ìjòyè tó di agboòrùn mú ló ròkè jù.

Wọ́n gbọn láfún dànù, wọ́n sì fi aṣọ nù ún. Ṣùgbọ́n íǹkì ò tíì gbẹ tán nígbà tí Ìyá Ìbídùn tẹ́ láfún sórí rẹ̀. Irùngbọ̀n Kábíyèsí ti funfun báláú, kò sì ṣeé yọ. Ipa bàtà kan sì hàn kedere níwájú orí rẹ̀, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò sí àyè àtitún un ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ fi okùn fà á gun àpáta, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, adé lókè, màlúù nísàlẹ̀. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n so okùn tó gbẹ̀yìn tí ọba Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi wọ̀lú.

Àlejò wo òkè. Ó wò ó títí ọrùn fi dùn ún.

“Kábíyèsí,” ni ó bi Aláfọ̀n, “kí ni àmì tó wà níwájú orí yẹn?”

Aláfọ̀n ò ṣẹ́jú. “Àmì ìdílé wa ni. Ọba tó bá ti borí ara rẹ̀ nìkan ló ń ní in.”

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìránṣẹ́ ọba Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Múfútáù, ó ní Kábíyèsí òun ń fẹ́ tirẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́rùn-ún, irùngbọ̀n funfun, àti ipa bàtà méjì níwájú orí. Ó fi kún un pé orí ni kó kọ́kọ́ jáde.

Múfútáù lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó gbé irin kíká rẹ̀ padà sáyè. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ààfin, níbi tí Ìyá Ìbídùn ń sá láfún sí ẹsẹ̀ àpáta, lábẹ́ màlúù, pẹ̀lú àṣẹ Kábíyèsí.

“Ẹ lọ bi ìyá yẹn,” ni ó sọ fún ìránṣẹ́ náà. “Lọ́dọ̀ wa níbí, màlúù ló máa ń ṣáájú.”

Nítorí náà, bí àgbà kan bá tún wò yín lójú, tó ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, ẹ má bi í ní ìdí. Ẹ kàn wo ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀.